Ìtọ́jú Ẹnu àti Ààbò Ọkàn: Ohun tí ó Yẹ kí Alárùn Ilẹ̀kùn Ọkàn ní Ìlọrin Mọ̀

Ìfáárà

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó sí iwájú yàrá dókítà eyín ní ìlú Ìlọrin nípa ohun tí ó bá wá, èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé eyín ń dùn ún, ó sì fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Bákan náà ni ẹni tí mímí ń nira fún, tí àyà rẹ̀ ń já, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú, yóò forí lé ọ̀dọ̀ dókítà ọkàn láìronú kan ẹnu rẹ̀ rárá. Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ka àwọn méjèèjì sí. Ète iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n jẹ́ fún àwọn tí ilẹ̀kùn ọkàn wọn ti bàjẹ́, tàbí tí a ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, àti pé ìtọ́jú ẹnu ní àràárọ̀ àti ní alaalẹ́ ṣe pàtàkì fún wọn ju oògùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ń lò ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín lọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ èdè, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, ọkàn kì í ṣe ẹ̀yà ara tí ń lù nínú àyà nìkan. Òun náà ni ibùjókòó èrò, ìfẹ́ àti ìgbàgbọ́. Ẹni tí ó sọ pé ọkàn òun kò balẹ̀ kò sọ pé kí a gbé òun lọ sí ilé-ìwòsàn. Nítorí náà, bí a bá sọ fún aláìsàn pé ọkàn ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ṣeé ṣe kí ó rò pé ìrònú ni a ní kí òun dín kù. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀yà ara tí ń tú ẹ̀jẹ̀ ká ni a pè ní ọkàn. Àwọn awẹ́ tín-ín-rín tí ń ṣí, tí ń pa dé nínú rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn ni a pè ní ilẹ̀kùn ọkàn. Fáàfù ni àwọn mẹkáníìkì ń pe irú rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, àwọn aláìsàn mìíràn náà sì ti gba ọ̀rọ̀ yẹn lò. Àrùn tí kòkòrò àìfojúrí ń dá sílẹ̀ lára àwọn ilẹ̀kùn yìí ni a pè ní àkóràn ilẹ̀kùn ọkàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù, ìyẹn ibà. A ó padà sí i níwájú, nítorí pé òun ni ó ń ṣi àwọn aláìsàn wa lọ́nà jù.

Ohun tí ń ba ilẹ̀kùn ọkàn jẹ́ ní ilẹ̀ wa

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni ó wà nínú ọkàn ènìyàn. Ọkàn àgbàlagbà a máa lù tó ìgbà 100,000 ní ọjọ́ kan, gbogbo ìgbà tí ó bá sì lù ni àwọn ilẹ̀kùn yìí ń ṣí, tí wọ́n ń pa dé. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lóde òní, ọjọ́ ogbó ni ó ń ba ilẹ̀kùn ọkàn jẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ilé-ìwé, ọ̀dọ́langba, abiyamọ tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún ni a ń bá nídìí àrùn yìí, nítorí pé ibà làkúrègbé ni ó fà á fún púpọ̀ nínú wọn. Kí a má ṣe ṣì í gbọ́: kì í ṣe làkúrègbé àwọn arúgbó ni à ń sọ. Ọmọdé tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàrin ọdún 5 sí 15 ni ó sábà máa ń kọlù. Ọ̀fun ni yóò kọ́kọ́ máa dun ọmọ náà. Irú kòkòrò Streptococcus kan ni ó fà á. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, àwọn ọmọ-ogun tí ara gbé dìde láti bá kòkòrò náà jà lè ṣì í mú, kí wọ́n dojú kọ oríkèé àti ilẹ̀kùn ọkàn ọmọ náà fúnra rẹ̀. Oríkèé yóò san. Ilẹ̀kùn ọkàn lè má san mọ́: yóò ní àpá, yóò sún kì, tàbí kí ó má lè pa dé dáadáa mọ́ láéláé.

Ọ̀fun dídùn kò jọ ohun bàbàrà lójú ọ̀pọ̀ òbí. Bẹ́lúbẹ́lú ni a máa ń pè é, àwọn mìíràn sì ń gbé ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ wánsámì kí ó bá wọn gé e. Abẹ lè gé bẹ́lúbẹ́lú, ṣùgbọ́n kò lè pa kòkòrò tí ó wà nínú ọ̀fun, ẹ̀jẹ̀ tí ń dà níbẹ̀ sì lè di wàhálà mìíràn lọ́tọ̀.

Ní ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ọkàn ṣe iṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà, ní ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Nàìjíríà ní Enúgu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu àti Magdi Yacoub tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá wà lára àwọn tí ó ṣe é. Láti ìgbà náà wá, àwọn ilé-ìwòsàn mìíràn ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ mẹ̀kúnnù kò tó owó rẹ̀ títí di òní. Ẹni tí ó bá rí owó lè lọ sí Íńdíà. Ẹni tí kò bá rí i a máa fi ilẹ̀kùn tí ó ti bàjẹ́ rìn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní òmíràn tí yóò fi pààrọ̀ bí kòkòrò bá jẹ èyí tí ó kù. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ọ̀rọ̀ ìdènà kàn wá ju bí ó ṣe kan àwọn tí wọ́n ń kọ ìwé ìlànà rẹ̀ ní òkè òkun lọ.

Bí kòkòrò ẹnu ṣe ń dé ọkàn

Ẹnu ènìyàn kì í ṣófo. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún irú kòkòrò àìfojúrí ni ó ń gbé inú rẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni kò sì ní ìpalára níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá dúró sí àyè wọn. Bí a kò bá fọ eyín, wọn yóò kó ara wọn jọ di èérí tí ń yọ̀, tí ó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín. Bí èérí náà bá pẹ́, yóò le bí òkúta, búrọ́ọ̀ṣì kò sì ní lè ká a kúrò mọ́ àfi irinṣẹ́ dókítà eyín. Erìgì tí ó yí i ká yóò wú, yóò pọ́n, yóò sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Erìgì tí ń ṣẹ̀jẹ̀ jẹ́ ojú ọgbẹ́, bí kò tilẹ̀ dun ènìyàn. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti lè jáde, kòkòrò lè gba ibẹ̀ wọlé.

Lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ pé, kòkòrò tí ó bá wọlé báyìí kì í pẹ́ kí ara tó pa á. Ẹ jẹ́ kí a wo gọ́tà tí omi òjò ń gbà kọjá. Níbi tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ti dán, pàǹtí yóò bá omi lọ. Níbi tí ó ti fọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rá omi mímu yóò há sí, pàǹtí mìíràn yóò sì máa dì mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ọkàn tí ó ti ní àpá rí. Ẹ̀jẹ̀ a máa dì díẹ̀díẹ̀ sí ojú àpá náà; kòkòrò tí ń kọjá yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì yìí, yóò máa bí sí i, ẹ̀jẹ̀ mìíràn yóò sì tún bò ó mọ́lẹ̀. Ó ṣòro láti pa wọ́n níbẹ̀, nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú awẹ́ ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ-ogun ara kò sì rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wọn. Oògùn apakòkòrò ní láti máa gba inú iṣan wọlé fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Bí ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn bá já, ó lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, kí ó sì fa rọpárọsẹ̀. Kódà ní àwọn ilẹ̀ tí ohun èlò kò ti wọ́n wọn, bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni ó ń kú kí wọ́n tó kúrò ní ilé-ìwòsàn.

Kì í ṣe gbogbo àkóràn yìí ni ó ti ẹnu wá. Abẹ́rẹ́ tí kò mọ́, egbò ara àti iṣẹ́ abẹ lè mú kòkòrò mìíràn wọlé. Ṣùgbọ́n ẹnu ni èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ jù, lójoojúmọ́, láìsan owó rẹpẹtẹ.

Àríyànjiyàn lórí oògùn ìdènà

Kì í ṣe òní ni àwọn oníṣègùn mọ̀ nípa àkóràn yìí. William Osler, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, sọ̀rọ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ lórí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1885. Ní ọdún 1935, Okell àti Elliott fi hàn pé kòkòrò ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ bí a bá ti yọ eyín. Láti ibẹ̀ ni èrò kan ti jẹ jáde pé bí aláìsàn bá kọ́kọ́ lo oògùn apakòkòrò kí a tó yọ eyín rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò bọ́. American Heart Association gbé ìlànà àkọ́kọ́ jáde lórí èyí ní ọdún 1955, fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún sì ni a fi ń fún gbogbo ẹni tí ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ kò pé ní oògùn yìí.

Nígbà tí ó di ọdún 2007, ẹgbẹ́ yẹn kan náà yí ìlànà padà. Wọ́n ní kí oògùn náà mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ewu wọn pọ̀ jù: ẹni tí a fi ilẹ̀kùn àtọwọ́dá sí ọkàn rẹ̀, ẹni tí ó ti ní àkóràn yìí rí, àwọn kan tí a bí àbùkù ọkàn mọ́, àti díẹ̀ lára àwọn tí a pààrọ̀ ọkàn fún. Ní ọdún 2008, NICE, àjọ tí ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ní kí a dáwọ́ rẹ̀ dúró pátápátá. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé iye àwọn tí ń ní àkóràn náà ní England ti ń pọ̀ sí i láti ọdún 2008, bí wọn kò tilẹ̀ lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìlànà tuntun yẹn ni ó fà á. Ní ọdún 2016, NICE dẹ ọ̀rọ̀ náà: wọ́n ní kí a má ṣe fún ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ìṣe ojoojúmọ́, èyí tí ó fi àyè sílẹ̀ fún dókítà láti lo òye rẹ̀.

Kí ni ó fa ìyípadà yìí? Ìwádìí kan tí Lockhart àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní ọdún 2008, dáhùn ìbéèrè náà dé àyè kan. Ènìyàn 290 ni wọ́n lò. Lára àwọn tí wọ́n yọ eyín wọn láìlo oògùn ìdènà, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ lo oògùn, ó jẹ́ ìdá 33. Lára àwọn tí kò ṣe ju pé wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹnu wọn lọ, ó jẹ́ ìdá 23. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú iye wọ̀nyí kò fara sin. Ènìyàn lè yọ eyín lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́wàá. Ó ń fọ ẹnu, ó ń jẹun ní ojoojúmọ́. Àkójọpọ̀ ìgbà kéékèèké yẹn pọ̀ ju ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dọ̀ dókítà eyín lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí alárùn ọkàn má fọ ẹnu mọ́. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òtítọ́. Nínú iṣẹ́ mìíràn tí àwọn olùwádìí yìí gbé jáde ní ọdún 2009, àwọn tí erìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀ káàkiri bí wọ́n bá fọ ẹnu ni ó ṣeé ṣe jù kí kòkòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ní bí ìlọ́po mẹ́jọ. Erìgì tí ó le, tí kì í ṣẹ̀jẹ̀, kì í ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì tí ó sì torí rẹ̀ pa fífọ ẹnu tì ń bu epo sí iná ni.

Níbo ni èyí fi àwọn tiwa sí, tí ibà làkúrègbé ba ilẹ̀kùn ọkàn wọn jẹ́ ṣùgbọ́n tí a kò tí ì ṣe iṣẹ́ abẹ fún? Ìlànà Amẹ́ríkà kò kà wọ́n mọ́ àwọn tí ewu wọn pọ̀ jù. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2023 fi wọ́n sí ipò àárín, ó sì ní kí a wo aláìsàn kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe rí. Ní èrò tèmi, ipò àárín yẹn ni ó bá Ìlọrin mu jù: kí dókítà ọkàn àti dókítà eyín jọ sọ̀rọ̀ lórí aláìsàn kan kí a tó fọwọ́ kan eyín rẹ̀. Ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ìlọrin, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, ní ẹ̀ka ọkàn, ó sì ní ẹ̀ka eyín. Ìwé ìtọ́ka kan péré ni ó wà láàrin àwọn méjèèjì. Fún ẹni tí ó bá tọ́ sí, amoxicillin gíráàmù 2 ni àgbàlagbà sábà máa ń gbé mì, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Dókítà ni yóò kọ ọ́, nítorí pé penicillin kò bá gbogbo ara mu.

Àṣìgbọ́ méjì wà tí ó yẹ kí a tú níbí. Èkíní, àwọn tí ń gba abẹ́rẹ́ penicillin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin kí ibà làkúrègbé má baà padà máa ń rò pé ó ti bo ẹnu wọn náà mọ́lẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni abẹ́rẹ́ yẹn ń ṣe. Èkejì, àwọn tí a fi ilẹ̀kùn onírin sí lára máa ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín, àwọn kan a dá a dúró fúnra wọn nítorí ìbẹ̀rù ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dì mọ́ ilẹ̀kùn náà láàrin ọjọ́ díẹ̀, ikú sì ni ìyẹn lè já sí. Dókítà nìkan ni ó lè sọ ohun tí a ó ṣe sí i.

Pákò, síwáàkì àti búrọ́ọ̀ṣì

Ìlú tí ó mọ ìtọ́jú ẹnu ni Ìlọrin. Ìmọ̀ ẹ̀sìn ti fi ìdí èyí múlẹ̀ pẹ́: sunnah ni kí Mùsùlùmí lo síwáàkì, pàápàá nígbà àlùwàlá àti kí ó tó kírun. Àwọn alálàájì ń kó síwáàkì bọ̀ láti Mẹ́kà, ẹni tí kò bá sì rí i a máa ra orín ilẹ̀ wa lọ́jà. Orín àtà, orín ayín, orín ìdí, pákò Ìjẹ̀bú, ewúro, títí kan ẹ̀ka dóńgóyárò, kálukú ni ó ní èyí tí ó fẹ́. Ìgbàgbọ́ àwọn àgbà pé agbára wà nínú wọn kì í ṣe àròsọ. Àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà ti yẹ púpọ̀ nínú wọn wò, wọ́n sì bá àwọn èròjà tí ń dá kòkòrò ẹnu dúró nínú wọn. Orín àtà tilẹ̀ mú nǹkan mìíràn jáde: ní ọdún 1971, Abayomi Sofowora àti ẹnì kejì rẹ̀ kọ̀wé pé omi gbòǹgbò rẹ̀ ń yí ìrísí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde padà sí bí ó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ tí ó yà kúrò lójú ọ̀nà wa ṣùgbọ́n tí kò yẹ kí a gbàgbé.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún alárùn ọkàn kí ó ju pákò nù ń ṣe iṣẹ́ ibi. Ọ̀nà tí a gbà ń lò ó ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ wa máa ń run orín ní òwúrọ̀ bí a ti ń gbálẹ̀ tàbí bí a ti ń kí ará ilé. Eyín iwájú ni a ń fà síwá sẹ́yìn, tí inú eyín, ìhà ahọ́n, àti èrìgì ẹ̀yìn kò sì rí nǹkan kan. Ibẹ̀ gan-an ni èérí ń kó sí jù. Ẹlòmíràn kò ní jẹ orín náà títí yóò fi rọ̀ bí òwú, orí rẹ̀ líle ni yóò fi máa gún erìgì. Fún alárùn ilẹ̀kùn ọkàn, gígún yẹn ni ọgbẹ́. Èròjà fluoride tí ń mú eyín le kò sì pọ̀ nínú pákò tó èyí tí ó wà nínú ọṣẹ ìfọyín, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pe gbogbo rẹ̀ ní Macleans.

Alẹ́ ni àṣà wa kò kó já. A ń jẹ túwó tàbí àmàlà lálẹ́, a ń fi omi yọ ẹnu, a sì ń sùn. Itọ́ ẹnu a máa dín kù lójú oorun, kòkòrò a sì ráyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àbá tí a fẹ́ dá ni pé kí pákò tàbí síwáàkì wà fún ọ̀sán àti fún àlùwàlá, ṣùgbọ́n kí alárùn ilẹ̀kùn ọkàn fi búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín fọ ẹnu ní òwúrọ̀ àti kí ó tó sùn, fún bí ìṣẹ́jú méjì, kí ó sì pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì náà bí irun rẹ̀ bá ti ṣẹ́. Nínú oṣù ààwẹ̀, kí ó fọ ọ́ lẹ́yìn sààrì kí àfẹ̀mọ́júmọ́ tó là, kí ó sì tún fọ ọ́ lẹ́yìn ìṣínu kí ó tó sùn. Kí ó máa rí dókítà eyín ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, yálà eyín ń dùn ún tàbí kò dùn ún. Ẹni tí ó bá ń múra fún iṣẹ́ abẹ ọkàn ní láti ti yọ gbogbo eyín jíjẹrà kúrò kí ọjọ́ náà tó dé.

Ibà tí kò gbóògùn

Yorùbá a máa pe ara gbígbóná ní ibà, a sì tún máa pe àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ní ibà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ní fún àmì àti fún àrùn. Kò sí ìpalára nínú èyí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó léwu fún alárùn ilẹ̀kùn ọkàn. Àkóràn ilẹ̀kùn ọkàn kì í sábà kan ilẹ̀kùn gbàgà. Ara yóò máa gbóná díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, òógùn yóò máa bo aláìsàn lóru, oúnjẹ kò ní wù ú, yóò máa rù, àárẹ̀ kò sì ní tán lára rẹ̀. Ibà ni ilé yóò pè é. Wọn yóò lo oògùn ibà, wọn yóò se àgbo, lẹ́yìn náà wọn yóò ra kápúsù ní kẹ́mísì.

Kápúsù yẹn ni ó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù. Ó tó láti mú ara rọlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan; kò tó láti pa ohun tí ó wà lára ilẹ̀kùn ọkàn. Nígbà tí aláìsàn bá fi máa dé ilé-ìwòsàn, tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wá kòkòrò náà, wọn kò ní rí i, nítorí pé oògùn ti dá a lókun. Dókítà yóò wá máa tọ́jú ọ̀tá tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí a gba ẹ̀jẹ̀ náà ní ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí oògùn apakòkòrò kankan tó wọ ẹnu rẹ̀. Kí wọ́n yẹ ibà ẹ̀fọn náà wò. Kò sí ohun tí ó ní kí àrùn méjèèjì má wà pa pọ̀.

Àwọn ìwé-ìléwọ́ tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn aláìsàn wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ni ín kò sì lè kà á fún ọlọ́jà kẹ́mísì. A dábàá pé kí a kọ ọ̀rọ̀ bí irú èyí sí ẹ̀yìn káàdì ilé-ìwòsàn, ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé: "Ilẹ̀kùn ọkàn mi ní àrùn. Bí ara mi bá gbóná ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ má ṣe fún mi ní oògùn apakòkòrò kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò ní ilé-ìwòsàn. Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan eyín mi, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà ọkàn mi sọ̀rọ̀." Kí àyè wà lábẹ́ rẹ̀ fún nọ́ńbà tẹlifóònù ẹ̀ka náà, àti fún orúkọ oògùn tí kò bá ara ẹni náà mu.